Bàbá Ọkọ Mi Ló Ń Mu Oògùn Ikọ́ Mi

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, èyí tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ oògùn, jókòó tì mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń ka nǹkan lórí fóònù rẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ kan ń wádìí ewé tíì, pé àwọn nǹkan kan wà nínú ewé náà tó ṣeé ṣe kó máa la ọ̀nà èémí fún ẹni tó ní àsímà. Ó rò pé ìròyìn tuntun lòun gbé wá fún mi. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi, ọmọ náà sì fò dìde, ó ń wá omi kiri. Mo ní kó jókòó. Mo ní ọ̀rọ̀ tíì àti àyà, mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ rẹ̀ kò tíì wádìí: ta ló ń mu tíì náà?

Ó ní kò yé òun. Mo wá sọ ọ́ fún un. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí, àfi pé mo fi ata díẹ̀ kún un, nítorí bí èèyàn bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó máa ń dín ata kù.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni mo wọ ilé ọkọ ní Èjìgbò. Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ilé bàbá mi, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ọkọ mi ń wa lọ́rì láàárín Èjìgbò àti Ìbàdàn, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fojú kan ilé. Ohun mẹ́ta ló wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó: èmi, ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àti ikọ́ mi. Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn yìn. Ikọ́ kò fara hàn wọ́n títí ọyẹ́ fi dé.

Ikọ́ sémìí-sémìí ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa. Bí ọyẹ́ bá ti gbé eruku dìde báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ẹni tó bá jókòó tì mí á kọ́kọ́ wo òkè àjà, á rò pé ẹyẹ kan ló há sọ́hùn-ún. Tó bá wá le, màá fi ọwọ́ méjèèjì di etí ibùsùn mú, èjìká mi á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ewúrẹ́ ń mí lọ́fẹ̀ẹ́ á wá di ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tí kò bá ṣe rí kò lè mọ̀ ọ́n.

Gbogbo ilé ló ní oògùn tirẹ̀. Ìyá kan ní kí n máa mu epo pupa láràárọ̀. Ìyá kejì ní epo pupa gan-an ló fà á, kí n má fẹnu kàn án mọ́. Yàrá kan náà ni àwọn ìyá méjèèjì ń gbé, orí ẹní kan náà ni wọ́n sì jókòó sí tí wọ́n fi gbà mí nímọ̀ràn. Ẹlòmíràn ní kí n kọ orí ibùsùn mi sí ibòmíràn. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Mo mu epo láàárọ̀, mo sá fún epo lálẹ́, mo yí ibùsùn po títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi yẹ̀. Ìyàwó tuntun kì í sọ pé rárá.

Bàbá ọkọ mi ló ni ilé. Àgbàlagbà tó ga ni, ara rẹ̀ le koko, bó bá sín ní pálọ̀, àwọn adìẹ tó wà lẹ́yìnkùlé á gbọ́. Nínú ilé rẹ̀, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín ohun gbogbo, látorí ẹran adìẹ títí dórí àga. Ohun tuntun tó bá wọlé, ì báà ṣe iṣu tuntun, ì báà ṣe búrẹ́dì tí ọkọ mi rà bọ̀ láti Ìbàdàn, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọdé kó tó kan ẹnu àgbà. Bàbá á kọ́kọ́ jẹ, á ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú abọ́, nítorí àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ohun tó bá ṣẹ́ kù á wá máa sọ̀ kalẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù. Èmi lẹni tó kéré jù. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, àgbà ló jẹ́ fún ìyàwó. Ọmọ ọdún méje tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní, ẹ̀gbọ́n mi ni, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Ìyẹn kò bí mi nínú nígbà náà. Bí ilé bàbá mi náà ṣe rí nìyẹn.

Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti Kodifuá dé. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, orúkọ tó bá wù ú ló ń fún wọn. Èmi sọ ọ́ ní Mùsíyọ̀, nítorí bó ṣe ń pe gbogbo ọkùnrin tó bá pàdé nìyẹn, títí kan ẹni tó wá la igi fún wa. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti lò ní Àbíjàn, ó ń se oúnjẹ fún dókítà òyìnbó kan. Bó ṣe máa ń sọ ọ́, wàá rò pé dókítà náà ló ń se oúnjẹ fún un. Kì í bọ́ awò dúdú lójú nínú ilé, ó sì máa ń forí gbá ìlẹ̀kùn.

Ó ní ìyàwó kan nílé, ìyẹn ìyáálé wa, obìnrin tó sanra, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì jẹ́ pé òun ló ń darí ilé ìdáná. Ó wá fẹ́ mú ìyàwó kejì bọ̀ láti Kodifuá, ṣùgbọ́n kò sí yàrá. Yàrá tí èmi àti ọkọ mi ń gbé ló kángun sí tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yàrá yìí sọ́kàn.

Ọjọ́ kẹta tó dé ni ikọ́ gbé mi lójú rẹ̀. Ó wò mí títí, ó wọ yàrá, ó sì gbé agolo pẹlẹbẹ kan jáde. Ewé gbígbẹ ló kún inú rẹ̀, ó dúdú, ó ká kòlòkòlò. Ó fi í han Bàbá níwájú gbogbo ilé.

"Tíì nìyí, Bàbá. Tíì gidi. Dókítà mi náà ní ikọ́ tó ń bá ìyàwó yìí jà. Tíì yìí ló ń mu láràárọ̀, kò fi mílíìkì sí i, kò fi ṣúgà sí i. Ó sọ fún mi lẹ́nu ara ẹ̀ pé nǹkan kan ń bẹ nínú ewé ẹ̀ tó máa ń tú ọ̀nà èémí."

Bàbá gba agolo náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ṣé oògùn ni?"

"Oògùn ni, Bàbá. Sè bọ́ọ̀n, ó dára gan-an."

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mùsíyọ̀ tọkàntọkàn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé náà, ẹnì kan gbé ohun kan wọlé, ó sì ní tèmi ni.

Bàbá wá sọ pé, "Ó dáa. Ẹ lọ po ó wá ká tọ́ ọ wò."

Èmi náà ni mo po ó. Mo gbé ìkòkò irin kékeré kaná, omi hó, mo da ewé sí i, mo dé e. Nígbà tí mo ṣí i, ó dúdú bí aró. Mo fi asẹ́ sẹ́ ife àkọ́kọ́, mo gbé e lọ fún Bàbá. Bàbá ju hóró ṣúgà mẹ́rin sí i, ó ní oògùn kò gbọdọ̀ korò ju bó ṣe yẹ lọ. Mo padà lọ bu omi gbígbóná lé ewé náà, ife kejì kan Mùsíyọ̀, nítorí òun ló gbé tíì wá. Mo tún bu omi lé e, ó kan ìyáálé. Mo tún bu omi lé e, ó kan àwọn ìyá méjèèjì olórí ẹní kan náà. Mo tún bu omi lé e fún àwọn ọmọdé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó fi máa kan èmi tí wọ́n tìtorí mi gbé tíì wọ ìlú, mò ń rí ìsàlẹ̀ ife kedere. Omi gbígbóná ni mo mu. Mo mu ún pẹ̀lú ìgbàgbọ́.

Mùsíyọ̀ tẹ̀ síwájú sọ́dọ̀ mi. "Ṣé ó ti ń là?"

"Ó ti ń là, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun gan-an."

Àyà mi súfèé gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ó ti ń wo ibòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá pe gbogbo wa jọ. Ó ní òun ò fojú kan oorun títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà. Ó ní ojú òun là gbagada, àyà òun ń lu kìkìkì, ara òun sì yá débi pé òun rántí gbogbo ẹni tó ti ṣẹ òun láti kékeré, òun sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè lọ́kàn òun. Ó ní oògùn gidi ni, kí a máa po ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárọ̀ àti lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn ìyá méjèèjì wúkọ́. Àwọn ọmọdé wúkọ́. Télọ̀ kan wà ní ojúlé kejì, ọkùnrin tó ń fi ohùn rẹ̀ ń polówó ara rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Òun náà di oníkọ́, bí omi bá sì ti hó báyìí ni ikọ́ náà ń gbé e wọ àgbàlá wa. Wọ́n á wúkọ́ níwájú Bàbá kí wọ́n tó gba ife, wọn kì í wúkọ́ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á. Mùsíyọ̀ ń wò wọ́n, ó ń mi orí, ó ní ẹ ẹ̀ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò ṣiṣẹ́ fún lèmi. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, àyà mi sì há ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà mìíràn, mi ò lè fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ mi ju orí aṣọ kan lọ kí n tó sinmi. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mò ń dáná tíì, tí mò ń fẹ́ná, tí èéfín ń wọ̀ mí nímú, kí bàbá tí kò wúkọ́ rí láyé rẹ̀ lè mu oògùn ikọ́.

Ẹ wá wo ìdájọ́ ilé wa. Oògùn ṣiṣẹ́ fún gbogbo ẹni tí kò ṣàìsàn, kò ṣiṣẹ́ fún aláìsàn. Kàkà kí wọ́n yẹ oògùn wò, aláìsàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Mùsíyọ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní bóyá ilé wa ni kò bá mi lára mu. Ó ní kí n lọ sinmi díẹ̀ nílé bàbá mi ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Bàbá ronú sí i, ó sì dá ọjọ́: bí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀, tí àyà mi bá ṣì ń súfèé, kí n di ẹrù mi.

Gbogbo obìnrin Èjìgbò ló mọ ohun tí ń jẹ́ "lọ sinmi nílé bàbá ẹ". Bí o bá lọ sinmi, wọ́n á ká ẹní rẹ, wọ́n á tẹ́ ti ẹlòmíràn síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mo fẹ́ràn yàrá mi, mo sì ti ní àwọn oníbàárà tó mọ ọwọ́ mi. Nígbà tí ọkọ mi ti Ìbàdàn dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó họ orí. Ó ní, "Bàbá ni, kí ni kí n wí?" Ọkùnrin tó máa ń bú awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ láti orí lọ́rì, tí gbogbo ọ̀nà Ìwó mọ ohùn rẹ̀, kò lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí aláìsàn kọ́kọ́ mu oògùn. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Ó ti kú báyìí, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n inú náà kò tíì rọ̀ tán.

Èmi fúnra mi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí ìjọba dá sílẹ̀ fún wa. Ọkùnrin kan ló ń pín oògùn níbẹ̀, àgbàlagbà tí irun imú rẹ̀ ti funfun, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ bí àyà mi ṣe ń dún, ó bi mí ohun tí mò ń lò. Mo ní tíì ni. Ó ní tíì kò burú, báwo ni mo ṣe ń po ó? Mo ṣàlàyé látorí ife Bàbá dórí ife tèmi.

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá ọkọ ẹ yìí, ṣé ó ń wúkọ́ ni?"

"Rárá, sà. Ara wọ́n le."

"Bàbá ọkọ ẹ lo wá ń tọ́jú nígbà náà."

Kò rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé nǹkan kan wà nínú ewé náà lóòótọ́, orúkọ rẹ̀ gùn. Ó ní ìbátan ni pẹ̀lú ohun tó wà nínú hóró oògùn tí òun máa ń fún àwọn tó ní irú ikọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ó kéré nínú tíì, ó sì jẹ́ pé omi gbígbóná àkọ́kọ́ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù jáde. Omi kejì, omi kẹta, àwọ̀ ni wọ́n ń kó. Omi kẹfà tó ń kàn mí, ó ní òun ò mọ ohun tí òun lè pè é.

"Bó o bá máa mu ún, ògidì ni kó o mu, láàárọ̀, kí àyà tó há. Bó bá ti há, má dúró de tíì o. Tíì ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Lo hóró yìí, kó o sì máa bọ̀ níbí."

Ó wé hóró funfun díẹ̀ sínú bébà fún mi. Mo so ó mọ́ etí ìró mi.

Mo ronú fún ọjọ́ méjì. Èmi kí n mu ife àkọ́kọ́ ṣáájú bàbá ọkọ mi? Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, bàbá mi gan-an ni yóò kọ́kọ́ bú mi. Ọjọ́ kẹta, mò ń se ọbẹ̀, mo bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ láti mọ̀ bóyá iyọ̀ tó, mo lá a, mo sì dúró gbọn-in pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu. Ta ló ń kọ́kọ́ jẹ ọbẹ̀ nínú ilé yìí? Ṣé Bàbá ni? Ẹni tó ń sè é ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí ọbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní àfojúdi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tọ́ tíì wò. Mo tọ́ ife kan wò.

Ó korò gan-an. Mo mu ún tán, mo ń wo ẹnu ọ̀nà, bí mo sì ṣe gbé ife sílẹ̀ ni mo rí ìyáálé tó dúró sẹ́yìn mi.

"Kí lò ń ṣe ńbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń tọ́ ọ wò ni, Ìyá mi."

Ó wo inú ife. "Ife kíkún?"

Ó fa àpótí sún mọ́ iná, ó jókòó.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò nínú ilé yìí. Àbí o rò pé afẹ́fẹ́ ló sọ mí di báyìí?" Ó ṣí ìkòkò, ó yọjú sí omi kejì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bù lé ewé. "Èyí ti mọ́ jù. Wọ́n á fura. Mú ṣúgà wá."

Ó kó ṣúgà sórí ìdérí agolo, ó gbé e sórí ẹ̀yinná títí ó fi yọ́, tó pọ́n, tó wá dúdú. Ó dà á sínú ìkòkò. Omi náà padà dúdú bí aró, ó sì ń ta sánsán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ó sì dá mi lẹ́kun.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bó o bá kó kúrò nínú yàrá yẹn, ta ni wọ́n máa kó wọ̀ ọ́?"

Láti ọjọ́ náà, ohun mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó ní tíì náà ti gbó nínú agolo ni, pé ó ti ń wá mú oorun wá báyìí, agbára rẹ̀ sì ti pọ̀ sí i. Ó ń júwe rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i. Àwọn oníkọ́ ilé wa ń bá ìwòsàn wọn lọ lórí ṣúgà jíjó. Àyà tèmi sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Títí di òní, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé tíì ló ṣe é. Ó lè jẹ́ hóró funfun. Ó lè jẹ́ ọyẹ́ tó ń rẹlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó bá ti rí nǹkan kan mu ṣáájú gbogbo ilé, àyà rẹ̀ á kàn là fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí Bàbá dá pé. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, eruku ti jókòó. Wọ́n pè mí sí pálọ̀. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, Mùsíyọ̀ wà lápá ọ̀tún, ọkọ mi wà nílẹ̀ lórí ẹní, àwọn ìyá méjèèjì wà lẹ́bàá ògiri. Wọ́n ní kí ìyáálé fi etí sí mi lẹ́yìn. Ó fi etí sí i fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dákẹ́," ó ní.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mùsíyọ̀ wá wú ikọ́, ó gbé awò rẹ̀ sókè díẹ̀. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ní tíì òun ti ṣe iṣẹ́ tó gbé e wá. Ó ní ṣùgbọ́n ewé tó wà nínú agolo kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ mọ́, bó bá sì tán, ikọ́ náà á padà.

"Kó máa lọ báyìí tí ara ẹ̀ ṣì le, Bàbá. Bó bá jẹ́ nígbà tó ń wúkọ́ la ní kó lọ, àwọn èèyàn á ní a lé aláìsàn."

Ẹ gbọ́ àánú. Nígbà tí mò ń wúkọ́, kí n máa lọ nítorí pé mò ń wúkọ́. Nígbà tí mi ò wúkọ́ mọ́, kí n máa lọ nítorí pé mi ò wúkọ́. Mo wo ọkọ mi. Ẹní ló ń wò, bí ẹni pé ó fẹ́ rà á. Bàbá ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ létí. Mo ti ń ka ẹrù mi lọ́kàn: ẹ̀rọ, àpótí, ìkòkò méjì.

Mùsíyọ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ bọ́ sí i fún òun, ayọ̀ gbé e dìde. Ó ní kí a fi ẹ̀yẹ parí ọ̀rọ̀, òun fúnra òun máa po tíì fún Bàbá bí òun ṣe ń po ó fún dókítà òun. Èmi àti ìyáálé wo ojú ara wa. Kò sí ohun tí a lè ṣe. Ó wọ ilé ìdáná, ó da ìdajì ewé tó kù sínú omi híhó, ó dé e pa, ó sẹ́ ife àkọ́kọ́, ó sì gbé e wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bàbá ju hóró ṣúgà mẹ́rin sí i, ó rò ó, ó fẹ́ ẹ, ó sì fà á mu.

Ojú rẹ̀ fún. Ó tẹ̀ síwájú, ó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ gba ojú fèrèsé.

"Kí lèyí?"

"Tíì ni, Bàbá."

"Ewúro ni. Èyí tí mò ń mu láti ọjọ́ yìí wá dà, tó ń gbé mi sùn?"

"Bàbá, ògidì ẹ̀ gan-an nìyí. Bí dókítà mi ṣe…"

"Ìwọ lo mọ ògidì ni, àbí èmi tí mò ń mu ún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́? O lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ìdáná òyìnbó, o ò mọ tíì í pò." Ó yí sí mi. "Ìyàwó, dìde. Lọ po tíì wá."

Ìyáálé ní òun máa bá mi dá iná. Mo da omi sí ewé tí Mùsíyọ̀ ti lò, ìyáálé sun ṣúgà, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ sínú ife. Mo gbé e lọ, mo kúnlẹ̀. Bàbá tọ́ ọ wò. Ó tún mu ún. Ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó sì dijú.

"Tíì nìyí," ó ní. "Bí ìyàwó yìí bá lọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ta ló máa máa po ó fún mi?"

Mùsíyọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti lo ẹnu rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà.

"Kò lọ ibì kankan," Bàbá ní. "Ọ̀rọ̀ tán. Agolo yìí nìkan ni mò ń rò."

"Ẹ má dààmú, Bàbá," ìyáálé ní, láti ẹnu ọ̀nà. "Tíì ò ní tán nílé yìí."

Bí wọ́n ṣe dá mi láre nìyẹn. Kò sí ẹni tó dárúkọ àyà mi. Kò sí ẹni tó kí mi kú ewu, kò sí ẹni tó bi mí bóyá mò ń mí. Àwọn èèyàn tó fẹ́ lé mi nítorí ikọ́ gbà mí padà nítorí ṣúgà jíjó, ọkọ mi sì gbójú sókè nígbà náà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló gbèjà mi.

Ife Mùsíyọ̀ ṣì wà lórí tábìlì, ó kún, ó dúdú, ó ń rú èéfín. Nínú ilé yẹn, wọn kì í da àjẹkù àgbà nù. Ohun tí àgbà bá kọ̀, ẹni tó kéré jù ló ni ín. Bàbá na ìka sí i, ó ní kí n gbé e kúrò níwájú òun. Mo bi í bóyá mo lè mu ún. Ó ní kí n mu ún bí mo bá lè mu ún, kò sí ẹlòmíràn tó máa fẹ́ ẹ. Mo dúpẹ́, mo gbà á lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, mo sì mu ún tán níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú hóró ṣúgà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.